Teslim Balógun, Àrá Orí Pápá

Ìlú Èkó ni wọ́n bí Teslim Balógun sí. Nítorí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n pè é ní Àrá. Ní ọdún 1949, ó bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù.

Ní ọdún 1955, ó padà lọ síbẹ̀, ó sì di agbábọ́ọ̀lù Peterborough United.  Lẹ́yìn èyí, ó lọ sí Queens Park Rangers, ní ìpele kẹta. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13, góòlù 3 péré ni ó jẹ.

Ṣùgbọ́n ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni, ó padà wálé, ó sì fi ìmọ̀ rẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ó kú ní ọdún 1972. Pápá ìṣeré ńlá kan ní Sùúrùlérè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.