I. B. Thomas, Ọkùnrin Tó Wà Lẹ́yìn Sẹ̀gilọlá

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa léèrè ẹni tó kọ́kọ́ kọ ìtàn àròsọ gígùn ní èdè Yorùbá, Fágúnwà ni orúkọ tí yóò yá ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀ ni ìwé kan ti jáde ní Èkó, ṣùgbọ́n obìnrin tí kò sí láyé rárá ni wọ́n pè ní ẹni tó ni ìtàn inú rẹ̀.

Isaac Babalọlá Thomas ló kọ ọ́. Ọdún 1888 ni wọ́n bí i, iṣẹ́ tíṣà ló sì kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí ó fi máa bọ́ sídìí iṣẹ́ ìròyìn, ilẹ̀ ti kún: Adéoyè Déníga ní Èkó Àkéte, E. A. Akíntàn ní Elétí Ọfẹ, àwọn òǹkàwé díẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń dù. Thomas dá Akéde Èkó sílẹ̀, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló ń tẹ̀ sínú rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú rẹ̀. Arúgbó kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló ní òun kọ ọ́. Ó ní àìsàn ti gbé òun dè, òun sì fẹ́ ròyìn ayé tí òun jẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi kọ́gbọ́n. Ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ ni nígbà èwe rẹ̀. Ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń rántí orin tí ìlú ń kọ láyé ọjọ́un, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ àwọn ọkùnrin náà bò.

Ẹ wo irú ìlú tí Èkó jẹ́ nígbà náà: àwọn tó mọ̀wé kò pọ̀, wọ́n sì mọra wọn. Ta ni obìnrin yìí? Ọmọ ilé ta ni? Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n débi pé ẹnì kan fi owó ránṣẹ́ sí i. Thomas ló ń kọ lẹ́tà náà, Thomas náà ló ń gbà á bí olóòtú.

N kò rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tó gbà á gbọ́. Inú ìwé ìròyìn tí wọ́n ti ń ka ìròyìn òkú àti ti ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń ka ẹkún Sẹ̀gilọlá; kí ni ìbá mú wọn fura? Ṣùgbọ́n owó yẹn ń dà mí láàmú. Àánú tòótọ́ ni ẹni tó fi í ránṣẹ́ ní, aláìsàn ni kò sí.

Lẹ́tà náà pé 30 kí ó tó parí ní oṣù kẹta ọdún 1930. Lọ́dún yẹn kan náà, Thomas kó wọn jọ, ó tẹ̀ wọ́n ní ìwé. Ó ṣe olóòtú Akéde Èkó fún ohun tó lé ní 20 ọdún, ó sì kú ní 1963. Karin Barber tún ìwé náà tẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pè é ní ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.