Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt: Nọ́ọ̀sì Tí Bàbá Rẹ̀ Kò Fẹ́ Kó Ṣe Nọ́ọ̀sì

Ọdún 1915 ni wọ́n bí Kòfowórọlá Àbẹ̀ní sí ìdílé Scott ní Èkó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò gbà. Nígbà náà, àwọn òyìnbó ló di ipò gíga mú nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Ó gbọ́ ti bàbá, ó kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní United Missionary College, Ìbàdàn, ó sì ń kọ́ni. Ní 1941 ó ṣègbéyàwó pẹ̀lú Olú Pratt, apoògùn.

Ní 1946 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ọsibítù St Thomas', Lọ́ńdọ̀nù. Aláìsàn kan kọ̀ kó tọ́jú òun nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Kò tìtorí ìyẹn padà sílé. Ó di nọ́ọ̀sì ní 1950, ó sì ṣiṣẹ́ ní NHS. Ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ó padà wálé ní 1954. Ní UCH Ìbàdàn, wọ́n kọ́kọ́ fi ipò tó tọ́ sí i dù ú, torí òyìnbó ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òun di mátírọ̀nù ibẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ó wà lára àwọn tó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965. Lẹ́yìn èyí ó ṣe olórí nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀, ó sì ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1973 sí 1975.

Ó kú ní oṣù kẹfà 1992. Oṣù kẹta ọdún kan náà ni òfin jáde ní Bìrìtìkó pé àwọn nọ́ọ̀sì kan lè kọ oògùn fún aláìsàn. Oògùn díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti 2006, nọ́ọ̀sì tó bá gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè kọ èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn tí dókítà ń kọ.

Nàìjíríà kò tíì fún nọ́ọ̀sì ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lòdì sí i ní oògùn tí a ṣì lò ń pa èèyàn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ibà bá mú ọmọ lóru ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ta ni ìyá rẹ̀ máa sáré lọ bá? Nọ́ọ̀sì ni. Bí kò bá rí nọ́ọ̀sì, á kan ilẹ̀kùn kẹ́míìsì, níbi tí ẹni tó ń tajà lè má kọ́ iṣẹ́ kankan. A tilẹ̀ ń pe nọ́ọ̀sì ní dókítà lẹ́nu. Ẹnu wa ti fún un láṣẹ tí òfin kò fún un.

Ìgbé ayé Pratt fi ọ̀nà hàn wá. Kò ní kí wọ́n fi ojú àánú gbé nọ́ọ̀sì ga. Ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ wá fún wọn, ipò tẹ̀ lé e. Bí a bá fẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa kọ oògùn, ibẹ̀ náà ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀: ká kọ́ wọn dójú àmì, ká dán wọn wò, lẹ́yìn náà ká fi òfin tì wọ́n lẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ kúkú ti wí i: ọlá tó ní, kò fi owó rà á.