Hajia Gambo Sawaba, Ìyàwó Ọmọ Ọdún 13

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá akọ àti abo, tí ó sì fi ìfẹ́ àti àánú sí àárín tọkọtaya. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí Alẹ́kùwodò, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà lẹ́yìn ìkélé, obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn sàhábé. Mùsùlùmí bí tiwa ni, ọmọ Nàìjíríà ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ó ti jẹ́ ìpè Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ohun tí ó bá jà ní Zaria àti Kano kò tíì tán nílẹ̀ wa, ìdí nìyí tí a fi mú un wá sórí mínbárì.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1933 ni a bí Hajara. Isa Amarteifio bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gánà tí ó wá fìdí kalẹ̀ sí Nàìjíríà. Fatima ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Tápà. Ẹ̀yìn ìbejì ni ó dé, nítorí náà ni àwọn Hausa fi pè é ní Gambo, bí àwa náà ṣe ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ìdòwú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa agídí Ìdòwú, ẹ ó rí i níwájú pé orúkọ náà ro ọmọ yìí.

Wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Tudun Wada, ní Zaria. Ní ọdún 1943, bàbá rẹ̀ kú, ìwé kíkà sì dúró. Bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ìyá náà kú. Nígbà tí ọmọ òrukàn yìí pé ọdún 13, wọ́n so yìgì rẹ̀ fún sójà kan tí ó ti ogun Hitler dé. Ó lóyún. Ọkọ náà bá ọ̀nà lọ nígbà tí oyún ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Àwọn kan á sọ pé ààbò ni ọkọ jẹ́ fún ọmọ òrukàn. Ààbò wo ni ọmọ yìí rí? Ní ayé Ànábì, Khansa ọmọ Khidam wá bá a pé bàbá òun fi òun fún ọkọ tí òun kò fẹ́, Ànábì sì tú yìgì náà ká. Kò ní kí ó lọ mú sùúrù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ó má dójú ti bàbá rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó ti mọ ilé ọkọ rí bá tẹ̀wọ̀n tó bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa ọmọ ọdún 13 tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń bi í?

Gambo tún ọkọ fẹ́. Ìjà ọwọ́ wà lára ohun tí ó tú ìgbéyàwó náà ká. Ìyá wa Aisha sì jẹ́rìí pé Ànábì kò fi ọwọ́ rẹ̀ lu obìnrin kankan rí, kò sì lu ìránṣẹ́. Ọkùnrin tí ó bá ń wá súná tí yóò tẹ̀ lé nínú ilé rẹ̀, ọ̀kan nìyẹn.

Ní ọdún 1950 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU sílẹ̀ ní Kano, ẹgbẹ́ tí Málàmù Aminu Kano di aṣáájú rẹ̀. Gambo kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí ó wọ inú rẹ̀. Ní ìpàdé kan ní Zaria, níbi tí àwọn ọkùnrin kún fọ́fọ́, òun nìkan ni obìnrin tí ó dìde sọ̀rọ̀. Ó rìn dé Abẹ́òkúta lọ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tí ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí títí Aláké fi kúrò lórí àléfà ní ọdún 1949. Nítorí pé àwọn ẹlẹ́hàá kò lè jáde wá sí ìpàdé, Gambo ń wọlé lọ bá wọn láti agbo ilé dé agbo ilé. Ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ọmọ kékeré fọ́kọ, kí wọ́n fi ọmọbìnrin sílé ìwé, kí obìnrin náà sì ní ìbò. Sawaba ni wọ́n wá ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ìtúsílẹ̀ ní èdè Hausa.

Ìgbà 16 ni wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Mùsùlùmí ni òun, Mùsùlùmí ni àwọn alkáálì tí ó ń dá a lẹ́jọ́. Ó dunni láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n àṣà ni wọ́n ń gbèjà, orúkọ ẹ̀sìn ni wọ́n fi bò ó. Àwọn ìyá wa ní Òṣogbo níhìn-ín dìbò ní ọdún 1959; àwọn obìnrin Zaria kò rí àyè dìbò nígbà náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2001 ni Hajia Gambo Sawaba kú. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Kofan Gaya, ní Zaria, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Lára iṣẹ́ ibẹ̀ ni títún ara àwọn obìnrin tí ìtọ̀ wọn kò dá ṣe. Bí ọmọdébìnrin bá lóyún kí egungun ìbàdí rẹ̀ tó gbó, ọmọ lè há nígbà ìrọbí. Bí ìrọbí bá wá gùn dé ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìsí dókítà, orí ọmọ yóò tẹ ẹran ara tí ó wà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara mọ́ egungun. Ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́, ẹran ara náà yóò kú, ihò yóò ṣí. Láti ìgbà náà ni ìtọ̀ yóò máa ṣàn tọ̀sán-tòru. Ọmọ inú náà sábà máa ń kú, ọkọ a sì máa lé ìyá rẹ̀ síta nítorí òórùn. Iṣẹ́ abẹ lè dí ihò yìí. Àwọn kan nínú wọn ti pa ìrun tì pé àwọn kò mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kò dá yóò ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun bá wọlé, yóò sì kírun.

Ẹ má ṣe pe èyí ní ọ̀rọ̀ àwọn Hausa. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nínú ìlú wa, tàbí tí ó ń gbé abà kòkó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, bí ó bá lóyún ní ọdún 15, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ti gbé e lọ sílé ọkùnrin náà, a ní a ń bo àṣírí. Bí ó bá fi ojú wíwú padà wálé, a ní kí ó padà lọ bẹ ọkọ rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti gbà, sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ní ọkọ. Èyí tí ó bá sì ti lóyún ná, ẹ má fi sílé. Ẹ gbé e lọ fún ìtọ́jú aboyún ní Asúbíaró, tàbí ní Wesley Guild bí ẹ bá wà lápá Iléṣà, kí ìrọbí tó mú un.

Ẹni tí ó bá fẹ́ so yìgì ní mọ́ṣáláṣí yìí, kí ó mú ọmọbìnrin náà wá tẹ́lẹ̀, kí a lè bi í léèrè fúnra rẹ̀ níṣojú àwọn ìyá àdínnì, kí ó sì mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání. Kí Ọlọ́hun kẹ́ Hajara, kí ó sì fún àwọn tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Kofan Gaya lónìí ní àlàáfíà. Àmín.