Candido da Rocha àti Ilé Omi ní Òpópónà Kakawa

Ní òpópónà Kakawa, ní Erékùṣù Èkó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà tí a ń pè ní Ilé Omi. Òjò àti oòrùn ti jẹ ẹ́ lára, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìgbójú sókè. Candido da Rocha, ọlọ́rọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Èkó, ló ni ín nígbà ayé rẹ̀.

Kí á tó sọ ti ọmọ, ó yẹ kí á mẹ́nu ba bàbá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni João Esan da Rocha. Kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 10 lọ nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú, ní nǹkan bí ọdún 1840, tí wọ́n sì tà á sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Nínú gbogbo orúkọ rẹ̀, Esan nìkan ló bá a kúrò nílé. Bahia náà ni wọ́n bí Candido sí ní 1860. Ní àwọn ọdún 1870, ìdílé náà wọkọ̀ òkun padà sí Èkó, wọ́n sì ń gbé láàrin àwọn Àgùdà tó kù.

Ọ̀sà yí Èkó ká, ṣùgbọ́n omi tó ṣeé mu ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Kí ìjọba tó fa omi ẹ̀rọ wá láti Ìjù, omi òjò àti kànga ni ará ìlú gbójú lé, ọ̀pọ̀ kànga náà kò sì mọ́. Ti ilé da Rocha mọ́, wọ́n sì ń tà á fún aráàlú. Ibẹ̀ ni ilé náà ti gba orúkọ.

Candido ra ilẹ̀, ó dá ilé oúnjẹ sílẹ̀, ó sì ń yá ènìyàn lówó. Àwọn ènìyàn ní wúrà ló rí he, wọ́n tilẹ̀ ní òkè òkun ló ń fi aṣọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí fún fífọ̀. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí a ó fi máa wá wúrà kiri nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń ta omi fún ìlú tí òùngbẹ ń gbẹ, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ olówó èlé. Ìjẹ̀ṣà kì í fi gbèsè ṣeré. Orúkọ Òṣómàáàló kò ṣàdédé wáyé.

Iléṣà kò gbàgbé rẹ̀: wọ́n fi í joyè níbẹ̀, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti kó bàbá rẹ̀ lẹ́rú. Ó ku díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà tí ó kú ní 1959. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òǹkọ̀wé ọmọ Brazil, Antonio Olinto, fi ilé náà sọ orúkọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀.

Ilé Àgùdà mìíràn, Ilojo Bar ní gbàgede Tinúbú, ni ìjọba àpapọ̀ kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Wọ́n wó o lulẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni ibẹ̀ sí Kakawa.