Bíṣọ́ọ̀bù Crowther Kó Ahọ́n Rẹ̀ Níjàánu

Ìwọ tí o ń gbé Abúlé Òkúta mọ CMS Grammar School ní Bàrígà. Àna Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni ó dá a sílẹ̀ ní 1859. Kọ́gbọ́n lára àgbà yìí.

Ní oṣù Kẹjọ 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó dùn ún gidigidi. Ó sọ tẹnu rẹ̀, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bú wọn, kò sì kọ ìjọ sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1891.

Ìwọ ńkọ́? Bí aládùúgbò bá rí ọ fín, sọ òtítọ́, má fi èébú kún un. Bẹ Ẹ̀mí Mímọ́ kí ó ràn ọ́ lọ́wọ́.