ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ọmọ Tí Wọ́n Fi Pààrọ̀ Ẹṣin

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 37:23-28

  

Ta ló wà ní Bàrígà tàbí Ṣómólú tí kò mọ CMS Grammar School? 1859 ni wọ́n dá ilé ìwé náà sílẹ̀ l'Ékòó, 1959 ló kó wá sí Bàrígà. Thomas Babington Macaulay ni ọ̀gá ibẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyàwó rẹ̀, Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. Bàbá Abigail yìí la fẹ́ rò lónìí.

Ní 1821, ogun kó Òṣoògùn. Àjàyí ò tíì ju bí ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá lọ. Wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, ẹṣin náà ò wu ẹni tó gbà á, ni wọ́n bá dá òwò náà padà. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ èèyàn di ọjà tí wọ́n ń dá padà bí bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu. Wọ́n tún tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tí ẹ̀rù pé wọ́n máa tà á fún Potogí dé bá a, ikú wù ú ju ìyè lọ.

Èkó wa níbí ni wọ́n ti kó o wọ ọkọ̀ ní oṣù kẹrin 1822. Ọlọ́run dá sí i: ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown.

Ní 1837, Àjàyí kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà: iná, okùn ọrùn, ẹṣin, ẹkún ìyá. Kò fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn tí wọn ò rí ẹrú rí kà á. Ní 1851, ó dé iwájú Ọbabìnrin Victoria, ó sọ̀rọ̀ òwò ẹrú Èkó. Lọ́dún kejì ni Harriet Beecher Stowe ní Amẹ́ríkà gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ lórí oko ẹrú jáde, tó mi ilẹ̀ wọn tìtì. Ohun tí ìyẹn gbọ́ ló kọ. Èyí tí ojú Àjàyí rí ló kọ.

Ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, l'Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ogún ọdún ó lé. Ní 1864, ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin di bíṣọ́ọ̀bù.

Ará, ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà nílé wa ńkọ́? Èyí tí wọ́n mú wá láti abúlé, tí a ná owó oṣù rẹ̀ mọ́ ẹni tó mú un wá lọ́wọ́, tí a ò bi òun alára léèrè nǹkan kan? Ìgbà wo ló bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Ṣé ó ń lọ sílé ìwé? Tí a bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí òun ṣì ń fọ abọ́, irú ìjọsìn wo la ṣe?

Ẹ bi í lónìí. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ tán.

Àdúrà: Olúwa, la etí wa sí ohùn ọmọ ọlọ́mọ tó wà lábẹ́ òrùlé wa. Má jẹ̀ẹ́ ká díye lé ẹni tí Ìwọ fi ẹ̀jẹ̀ rà. Lórúkọ Jésù, àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o.