Gíwá Tí Wọ́n Fi Ọ̀bẹ Kí Káàbọ̀: Ìtàn Sàbúrí Bíòbákú

Ẹni tó bá ti jókòó sí ìpàdé olùkọ́ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ipò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Taa ni wọ́n gbé ga, taa ni wọ́n fò dá, taa ni wọ́n lé láì gbọ́ tẹnu rẹ̀? Irú ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàbúrí Bíòbákú.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1918. Ó kàwé ní Government College, Ìbàdàn, àti ní Higher College, Yábàá, kó tó rékọjá sí òkè òkun lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní Cambridge. Ní 1951 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní fásitì Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1953 ó di rẹ́jísírà University College, Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà. Ní 1957, ọdún tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn jáde, ó bọ́ sí iṣẹ́ akọ̀wé fún olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ló ń ṣèjọba nígbà náà, ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣí ní Ọ̀wọ̀ wa níbí ní 1951, tí Olóyè Ajasin, ọ̀gá Imade College, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà rẹ̀. Láti ibẹ̀ Bíòbákú lọ sí fásitì Ifẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tó mọ tinú-tẹ̀yìn fásitì ni?

Ẹ jẹ́ ká wá dé Èkó. Fásitì Èkó ṣílẹ̀kùn ní 1962 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 131. Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, ọmọ Ohafia, onímọ̀ nípa ewéko, ni gíwá àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta sì ni wọ́n fún un. Nígbà tí ọdún mẹ́ta ń parí lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1965, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó pọ̀ jù ló fẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ aláṣẹ, tí agbára ìyànsípò wà lọ́wọ́ wọn, kọ̀. Bíòbákú ni wọ́n mú.

Ìbò ọdún 1964 ṣẹ̀ṣẹ̀ da orílẹ̀-èdè rú ni, ìwọ Yorùbá èmi Ìgbò sì ti gba ẹnu gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó gbà pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ nìkan ló wà ńbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀, wọn ò wọ kíláàsì mọ́. Olùkọ́ pín sí méjì. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka kan tó ta ko ìpinnu náà pàdánù iṣẹ́ wọn, àwọn mìíràn sì fi ìwé sílẹ̀ fúnra wọn, òyìnbó àti ọmọ ilẹ̀ wa. Njoku lọ, ó sì di gíwá fásitì Nsukka ní 1966. Ọdún 1974 ló kú.

Ní oṣù kẹfà 1965, akẹ́kọ̀ọ́ kan yọ ọ̀bẹ, ó fi gún gíwá tuntun. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe Bíòbákú ló dìbò nínú ìgbìmọ̀. Àwọn tó dìbò ti lọ sílé wọn. Ẹni tó jókòó sórí àga ni ọ̀bẹ bá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn níbi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀hónú sílẹ̀ láì dá a lóhùn: kì í mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ kàn ni yóò jà.

Àwọn kan á ní kó tètè kọ ipò náà nígbà tó rí i bí ilé ṣe gbóná. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé jiyàn lé lórí ni. Àmọ́ nígbà tí ojú ọgbẹ́ jiná, ọkùnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó darí fásitì yẹn la àkókò ìdìtẹ̀gbàjọba àti ogun abẹ́lé kọjá, títí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, fi gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1972.

Ní àkókò tirẹ̀, ní 1967, òfin tuntun jáde fún fásitì Èkó. Òfin náà ní tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ bá fẹ́ yọ olùkọ́ nítorí ìwà àìtọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn fún un, kí wọ́n jẹ́ kó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú wọn. Tí òun tàbí mẹ́ta nínú wọn bá sì bèèrè fún un, kí ìgbìmọ̀ alápapọ̀ ti àwọn aláṣẹ àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Nígbà tí wọ́n tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní fásitì kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, láì tẹ̀lé ìlànà yìí, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní 1985, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi òfin yẹn dá wọn láre. Kò sẹ́ni tó yọ ọ̀bẹ. Ìwé òfin ló jà fún wọn.

Bíòbákú fúnra rẹ̀ pẹ́ láyé. Ọdún 2001 ló tó dágbére. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwé lónìí, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ kúẹ́rì fún olùkọ́ àti ẹ̀yin tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ gbọ́ tọ̀tún, ẹ gbọ́ tòsì, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó máa jókòó sórí àga lẹ́yìn yín, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọ̀bẹ.